Ẹ Má Fo Okùn Yẹn: Ìkìlọ̀ fún Ẹni Tó Ń Lọ Wo Òkè Yìnyín ní Kánádà

Ẹ̀yin ará wa tó wà ní Calgary àti Edmonton, ìgbà ooru ni ọ̀pọ̀ nínú yín máa ń kó ọmọ àti àlejò tó ti ilé wá sínú ọkọ̀, tí ẹ ó gba ọ̀nà tó ti Lake Louise lọ sí Jasper. Ọ̀nà náà tó 230 kìlómítà, ó sì rẹwà púpọ̀. Ẹ lọ o, ẹ gbádùn ara yín, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ tèmi ná.

Yìnyín ńlá Athabasca tí ẹ máa rí lójú ọ̀nà náà kò dúró sójú kan. Ó ń wọ́ bọ̀ láti orí òkè díẹ̀díẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì ń yọ́. Láti 1844 títí di ìsinsìnyí, ó ti fà sẹ́yìn ju kìlómítà kan àtààbọ̀ lọ. Bó ṣe ń wọ́ ló ń sán, tó ń la ihò tóóró tó jìn gan-an, yìnyín tuntun a sì bo ojú ihò náà tí ojú kò fi ní rí i. Àwọn èèyàn ti já sínú rẹ̀ kú, ọmọdé wà lára wọn. Ihò náà a há mọ́ wọn lára, òtútù a sì ṣe iṣẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó rí wọn fà jáde. Ìdí nìyẹn tí àwọn alábòójútó ibẹ̀ fi ta okùn. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ọmọ kékeré lè fò ó. Ẹ gbàdúrà kí ẹ tó kúrò nílé, mo bá yín ṣe àmín, kí ẹ sì dúró sẹ́yìn okùn. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ yìnyín mọ́lẹ̀, kó sanwó fún afinimọ̀nà tó níwèé àṣẹ.

Òkìtì òkúta àti yẹ̀pẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yìnyín, tí wọ́n ń pè ní moraine, làwọn èèyàn kì í kà sí ewu. Yìnyín ló ha òkúta yẹn lára òkè, tó dà á síbẹ̀ nígbà tó ń padà sẹ́yìn. Kò sí ohun tó dì í mú. Yìnyín ṣì wà nínú àwọn kan pàápàá. Bó bá yọ́, òkúta ńlá á yí wálẹ̀ láìsọ fẹ́nì kan. Ẹ má wọ sílípáàsì gùn ún, ẹ má sì tẹ́ ẹní oúnjẹ sídìí rẹ̀.

Ní oṣù Ògún 2012, apá ńlá lára yìnyín tí wọ́n ń pè ní Ghost Glacier já lára òkè Edith Cavell, nítòsí Jasper, ó ṣubú sínú adágún tó wà nísàlẹ̀. Omi ru sókè, ó gbé òkúta àti yìnyín, ó ba ibi ìgbọ́kọ̀sí jẹ́. Òru ni, kò sẹ́ni tó fara pa. Ká ní ọ̀sán ni ńkọ́, nígbà tí àwọn òbí àtọmọ ń ya fọ́tò létí omi?

Àwọ̀ búlúù tó ń dán lójú adágún Peyto àti Bow, tí ẹ ó rí lójú ọ̀nà náà, lẹ́búlẹ́bú òkúta tí yìnyín lọ̀ ló fà á. Ẹ wò ó láti etí rẹ̀. Omi yìnyín ni: ẹni tó bá já sí i, èémí á kọ́kọ́ há a, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá apá àti ẹsẹ̀ ò ní lágbára mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ òmùwẹ̀.

Ẹ rọ epo kún táǹkì kí ẹ tó gbéra, ẹ mú ẹ̀wù òtútù dání. Ibi tó pọ̀ lójú ọ̀nà náà ni kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, torí náà ẹ sọ fún ẹnì kan nílé àsìkò tó yẹ kí ẹ dé, kó lè pe 911 bó bá retí yín tì.