Ìtọ́jú Eegun Ẹ̀yìn Tí Ó Rún Lára Àgbàlagbà

Bí ìyá àgbà bá gbé garawa omi, tí ẹ̀yìn sì ṣàdédé ń dùn ún gidigidi, a máa ń wí pé ọjọ́ ogbó ni. Nígbà mìíràn, kì í ṣe ogbó lásán: eegun ẹ̀yìn tí agbára rẹ̀ ti dín kù ni ó rún. Àwòrán X-ray ni yóò fi í hàn.

Ọ̀pọ̀ irú eegun bẹ́ẹ̀ a máa jinná láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 láìsí iṣẹ́ abẹ. Oògùn ìrora, àmùrè tí ń gbé ẹ̀yìn ró àti ìsinmi ọjọ́ díẹ̀ ni a fi ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí aláìsàn dìde rìn. Ìdùbúlẹ̀ pípẹ́ a máa sọ eegun di aláìlágbára sí i.

Ní 1984, àwọn dókítà ní Amiens, ilẹ̀ Faransé, fi abẹ́rẹ́ rọ símẹ́ńtì sínú eegun ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ìwádìí méjì tí a tẹ̀ jáde ní 2009 kò rí i pé ó dín ìrora kù ju ìtọ́jú àfarawé lọ.

Eegun kan tí ó rún lè ṣíwájú òmíràn. Nítorí náà, ẹ béèrè oògùn tí ń mú eegun le lọ́wọ́ dókítà. Bí ẹsẹ̀ bá rọ, tàbí tí ìtọ̀ kò ṣeé dá dúró mọ́, ẹ gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.