Orí Keje: Bí Ọkọ̀ Ojú Omi Ṣe Lè Sáré Sí I

Bí ọkọ̀ ojú omi kò bá sáré tó bó ṣe yẹ, ẹ́ńjìnnì tuntun ni ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ kọ́kọ́ máa ń rò. Ẹ má tíì náwó. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó wà lábẹ́ omi.

Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà nínú ikùn rẹ̀ là ń sọ. Ẹ́ńjìnnì ń yí gíà. Gíà ń yí ọ̀pá irin kan tó gba ìsàlẹ̀ ọkọ̀ jáde. Pùròpẹ́là wà ní ẹnu ọ̀pá náà. Òun ló ń ti omi sẹ́yìn, tí ọkọ̀ fi ń lọ síwájú. Bí pùròpẹ́là kò bá bá ẹ́ńjìnnì mu, epo kàn ń ṣòfò ni.

Charles Parsons, onímọ̀ ẹ̀rọ kan, rí èyí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1894, ó kan ọkọ̀ Turbinia. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lágbára, ṣùgbọ́n pùròpẹ́là kan ṣoṣo ló ní. Ó ń yára yí débi pé òfìfo ń là nínú omi yí i ká, kò sì rí omi tì dáadáa. Parsons wá pín agbára náà sórí ọ̀pá mẹ́ta, pùròpẹ́là mẹ́ta lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní 1897, ọkọ̀ náà sáré ju kìlómítà 60 lọ ní wákàtí kan.

Ẹ wọ̀n ọ́n

Ẹ wá ibi tí omi ti pa rọ́rọ́, tí kò sí ọkọ̀ mìíràn nítòsí. Kí gbogbo èrò wọ ẹ̀wù ààbò. Ẹ ti tọ́tù, ìyẹn ọwọ́ tí ẹ fi ń fún ẹ́ńjìnnì lépo, dópin. Ẹ wo eré ọkọ̀ lórí fóònù, kí ẹ sì wo iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ ṣe é ní lílọ àti ní bíbọ̀, nítorí omi tó ń ṣàn lè ti ọkọ̀ tàbí kó fà á sẹ́yìn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ká ní ìwé ẹ́ńjìnnì sọ pé ìyípo 4,400 sí 4,800 ní ìṣẹ́jú kan ló yẹ. Bí tiyín bá jẹ́ 4,000, ọrùn ń wọ ẹ́ńjìnnì.

Ẹ mú ìnira kúrò

Ẹ fọ ìdí ọkọ̀. Ewé omi àti ìkarawun tó lẹ̀ mọ́ ọn máa ń dá eré dúró. Ẹ gbọ́n omi inú ọkọ̀ dànù: lítà 100 wúwo tó àpò sìmẹ́ǹtì méjì. Ẹ wò ó bóyá tọ́tù ń ṣí tán, bóyá fílítà epo àti ti afẹ́fẹ́ mọ́. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, kí ẹ tó fọwọ́ kan pùròpẹ́là. Ẹ tú okùn tàbí ọ̀rá tó bá wé mọ́ ọn. Bí etí rẹ̀ bá ti tẹ̀, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó ń tún un ṣe.

Ìgbésẹ̀ pùròpẹ́là

Nọ́ńbà méjì sábà máa ń wà lára pùròpẹ́là, bíi 13 x 15. 13 ni fífẹ̀ rẹ̀ ní íǹṣì. 15 ni ìgbésẹ̀ rẹ̀, ìyẹn íǹṣì tó yẹ kí ó fi sún síwájú bó bá yí lẹ́ẹ̀kan. Íǹṣì 15 jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 38. Bí ọ̀pá bá yí nígbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, mítà 1,140 nìyẹn, tàbí kìlómítà 68 ní wákàtí kan. Ṣùgbọ́n pùròpẹ́là máa ń yọ̀ nínú omi. Bó bá pàdánù ìdá kan nínú márùn-ún, nǹkan bíi kìlómítà 55 ló kù.

Bí ẹ́ńjìnnì kò bá tíì yí tó lẹ́yìn ìfọ̀mọ́, ìgbésẹ̀ náà gùn jù. Ẹ dín in kù ní íǹṣì kan; ó sábà máa ń fi ìyípo 150 sí 200 kún un. Bó bá ń yí ju ohun tí ìwé sọ lọ, ẹ wá èyí tí ìgbésẹ̀ rẹ̀ gùn sí i, kí ẹ́ńjìnnì má baà bàjẹ́.

Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà, ẹ tún un wọ̀n. Ìgbà yẹn lẹ ó mọ ohun tó ṣiṣẹ́.

Ìbéèrè

1. Kí nìdí tí a fi ń wọn eré ọkọ̀ ní lílọ àti ní bíbọ̀?
2. Kí la ó kọ́kọ́ ṣe kí a tó fọwọ́ kan pùròpẹ́là?
3. Ìgbésẹ̀ pùròpẹ́là kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 40. Bó bá yí nígbà 2,000 láìyọ̀, mítà mélòó ni yóò rìn?