Ìbúra Aṣojú àti Ìwé Oníduùró

Láyé tí àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó ń ra kòkó káàkiri ilẹ̀ wa, tí wọ́n sì ń gbé owó lé akọ̀wé tí ó jẹ́ aṣojú wọn lọ́wọ́ kí ó lọ fi rajà ní ìlú òkè, kì í ṣe pé wọ́n kórìíra rẹ̀ ni wọ́n fi ń béèrè oníduùró. Inú ènìyàn ló jìn, olówó kò sì lè wọ inú ẹni lọ wo ohun tí ń bẹ níbẹ̀.

Àwọn baba wa pàápàá mọ èyí: ẹni tí ó yáwó a fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń kọni lóminú a fẹnu kan irin Ògún Lákáayé láti búra. Ní kóòtù, Bíbélì ni onígbàgbọ́ ń dì mú, Kùránì ni Mùsùlùmí. Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò gbà á láyè láti búra lè jẹ́jẹ̀ẹ́ lásán, ọ̀kan náà sì ni lójú òfin.

Ẹni tí ó búra nìkan ni ìbúra ń dè. Ìwé oníduùró ló ń de ilé ẹlòmíràn. Ká ní bàbá kan dúró fún ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní £200, tí owó ọjà sì di àwátì. Olówó lè kọjú sí bàbá yìí tààrà láìkọ́kọ́ pe ọmọ náà lẹ́jọ́, àfi bí ìwé bá sọ pé ọmọ náà ni kí ó kọ́kọ́ pè. Bàbá kò ní san ju £200 tí ó tọwọ́ bọ̀, ó sì lè gbà á padà lọ́wọ́ ọmọ náà, bí ó bá rí i mú! Bí olówó bá yí àdéhùn iṣẹ́ náà padà gidigidi láìfi tó bàbá létí, òfin lè tú u sílẹ̀.

Láti ọdún 1677 ni òfin England, tí àwọn òyìnbó gbé wá síhìn-ín, ti sọ pé ìdúró tí kò sí nínú ìwé kò ṣe é pè lẹ́jọ́. Ìwé ni gbogbo rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ń tẹ̀ka kò mọ̀ ọ́n kà. Ìdí nìyí tí òfin ààbò aláìmọ̀wé fi pàṣẹ pé kí ẹni tí ó bá a kọ ìwé kà á sí i létí, kí ó túmọ̀ rẹ̀ yé e kí ó tó tẹ̀ka, kí ó sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì tirẹ̀ sí i, kí a lè mọ ẹni tí a ó pè bí ìjà bá dé.