Kí O Tó Sanwó fún Wẹ́dà

Igbókọ̀dá,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo gbọ́ ohùn rẹ tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù. O ní ìdí dúrọ́ọ̀mù tí o fi ń yan ẹja ti jẹrà, wẹ́dà ní kí o mú owó wá kí òun fi páànù dí i, o sì ń bi mí bóyá kí o tún un ṣe ni àbí kí o ra òmíràn. O kú iṣẹ́, o kú ìfaradà èéfín. Ìdáhùn mi ni pé má tún un ṣe mọ́. Má sì ra dúrọ́ọ̀mù tuntun. Fara balẹ̀ ka ìwé yìí tán, torí owó tí ààrò ń gbà lọ́wọ́ ẹni ju èyí tí a ń kà fún wẹ́dà lọ.

Dúrọ́ọ̀mù kì í pẹ́ létí òkun wa. Atẹ́gùn oníyọ̀ ń jẹ ẹ́ láti ìta, omi ara ẹja ń kán sí i láti òkè, iná ń lá a láti inú. Bí wẹ́dà bá jó páànù tuntun mọ́ ọn, irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó ti fẹ́lẹ́ ni yóò tún lu, wàá sì tún ránṣẹ́ pè é. Èyí tó wá burú jù ni ti igi. Orí dúrọ́ọ̀mù ṣí sílẹ̀ gbayawu, ooru ń bá atẹ́gùn lọ, ẹja àárín ń jóná, ti ẹ̀gbẹ́ ṣì tutù, ìwọ á wá máa fọwọ́ yí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan nínú èéfín. Ṣáwá tí kò gbẹ dénú yóò ti bu kó tó dé Òkìtìpupa, oníbàárà á sì gé owó rẹ sílẹ̀.

Mú bírò, kí o ṣírò rẹ̀. Ká ní igi 6,000 náírà lò ń jó lọ́sẹ̀ kan, tí ààrò tó pa ooru mọ́ sì dá ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ sí fún ọ. 2,000 náírà nìyẹn lọ́sẹ̀, 104,000 náírà láàárín ọdún kan, a ò tíì ka ẹja tó jóná. Kọ iye igi tìrẹ gan-an sára ògiri fún oṣù kan, wàá rí i fúnra rẹ.

Ààrò tí mo fẹ́ kí o ṣe dípò dúrọ́ọ̀mù, èyí tí wọ́n ń pè ní ààrò Chorkor, kì í ṣe ohun àjèjì. Láàárín 1969 sí 1971 ni àwọn obìnrin Chorkor, abúlé apẹja kan ní Accra, pẹ̀lú àwọn onímọ̀ oúnjẹ ilẹ̀ Gánà àti FAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, jọ ṣe é. Àpótí gígùn ni, ògiri kan dá a sí méjì láàárín, ẹnu ìkoná méjì wà níwájú rẹ̀. Ọgbọ́n rẹ̀ wà nínú àtẹ. Férémù pákó tí a ta àwọ̀n wáyà sí nídìí ni àtẹ kọ̀ọ̀kan, a ó sì tò wọ́n léra wọn, ó lè tó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àwọn férémù náà fúnra wọn ló di ògiri tó ń há ooru àti èéfín mọ́ ẹja. Bí ti ìsàlẹ̀ bá ti gbóná tó, a gbé e lọ sókè, a fi ti òkè rọ́pò rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ yí ẹja lọ́kọ̀ọ̀kan nínú èéfín. Sọ fún káfíńtà pé àárín orí ògiri gan-an ni kí férémù jókòó lé. Bí ó bá yọ sínú, iná á jẹ ẹ́.

Amọ̀ tàbí búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi ń mọ ọ́ ní Gánà, níbi tí ilẹ̀ ti le. Ilẹ̀ ti ọ̀dọ̀ yín ńkọ́? Ẹrẹ̀ ni etíkun Mahin, kì í ṣe iyanrìn, orí òpó ni ilé yín wà. Ààrò búlọ́ọ̀kù á tẹ pákó ilé rẹ rì. Ìwọ tí o ń gbé Ayétòrò náà mọ ohun tí òkun ń ṣe. Ìlú tí ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní 1947, tí gbogbo ayé ń wá wò nígbà kan rí, òkun ti gba ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀, ó gba ilé ẹ̀kọ́, àwọn èèyàn sì ń sún sẹ́yìn. Má ri owó mọ́ ohun tí o kò lè gbé sá. Jẹ́ kí wẹ́dà fi irin ṣe àpótí ààrò náà ní abala mẹ́rin tí a lè tú, kí o tẹ́ amọ̀ tó nípọn sábẹ́ rẹ̀ kí iná má baà dé pákó. Àtẹ ni kí o kówó lé lórí, torí bí omi bá dé, inú ọkọ̀ ni wàá kó wọn sí. Bí o bá padà wá sọ́dọ̀ wa níhìn-ín ní Igbókọ̀dá, níbi tí ilẹ̀ ti le díẹ̀, a ó fi amọ̀ mọ tìrẹ. Mi ò dámọ̀ràn sìmẹ́ńtì fún ẹnikẹ́ni. O rántí bí àpò kan ṣe kọjá 10,000 náírà ní oṣù kejì 2024.

Àwọn ará ilé ìwádìí òkun ìjọba tó wà ní Victoria Island l'Ékòó ní ààrò onírin tiwọn. Ó dára, àmọ́ olówó ńlá ló wà fún.

Jọ̀wọ́, má fi iná ṣeré nínú ahéré pákó. Kan páànù mọ́ ògiri ẹ̀yìn ààrò, gbé omi àti iyanrìn sítòsí, má sì jẹ́ kí ọkọ rẹ gbé kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀ síbẹ̀, bó ti wù kí òjò pọ̀ tó.

Ọ̀rọ̀ èéfín ló ká mi lára jù. O mọ bí ikọ́ ṣe ń ṣe ìyá rẹ lóru. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé èéfín inú ilé pa èèyàn tó mílíọ̀nù 3.2 ní 2020, ti ìdáná nìkan sì ni wọ́n ń wí. Ọ̀rá ẹja tó ń kán sínú iná tún ń di èéfín olóró tó ń lẹ̀ mọ́ ẹja padà. Nítorí rẹ̀ ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi sọ ọ́ lófin láti oṣù kẹsàn-án 2014 pé benzo(a)pyrene, ọ̀kan nínú oró inú èéfín náà, kò gbọdọ̀ ju máíkírógíráàmù 2 lọ nínú kílò ẹja yíyan kan. Àwọn ará Thiaroye ní Sẹ̀nẹ̀gà ti fi abọ́ agbọ̀rá kún ààrò Chorkor láti 2008. Ní kí wẹ́dà fi páànù pẹlẹbẹ tó dẹ̀gbẹ́ díẹ̀ sáàárín iná àti àtẹ, kí ọ̀rá máa ṣàn síta. Owó kékeré ni. Àǹfààní mìíràn tún wà níbẹ̀: igi tí o kò jó náà, igi ẹ̀gbà etí omi tó ń di ẹrẹ̀ mú ni.

Má yáwó elélé. Dá èsúsú pẹ̀lú ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ, kí ẹ jọ ni ín, àmọ́ ẹ kọ iye tí oníkálukú dá sílẹ̀ àti ọjọ́ tí oníkálukú yóò máa yan ẹja. Oko kì í jẹ́ ti bàbá tọmọ kó má ní ààlà.

Wọn gígùn àti ìbú ibi tí dúrọ́ọ̀mù náà wà, kí o fi ránṣẹ́ sí mi kí ọjà tó ń bọ̀ tó pé. Èmi ni n ó ra wáyà àtẹ mẹ́ta àkọ́kọ́. Títí a ó fi sọ̀rọ̀, má fún wẹ́dà yẹn ní kọ́bọ̀.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ.