Ṣé hẹ́dísẹ́ẹ̀tì olówó ńlá ló máa dáàbò bo ọmọ mi lójú òfurufú?

ÌBÉÈRÈ

Abúlé Ẹ̀gbá ni mò ń gbé, aṣọ ni mo ń tà. Àbígbẹ̀yìn mi ń kọ́ṣẹ́ páílọ́ọ̀tì ní Zaria. Ó pè mí pé òun nílò hẹ́dísẹ́ẹ̀tì kan tó ń pa ariwo, pé gbogbo ẹgbẹ́ òun ló ti ní in. Nígbà tó dá iye rẹ̀, mo ní kó tún un sọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní fáàrí lásán ni, pé èyí tí wọ́n ń yá lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ti tó. Òun ní rárá, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Ẹ sì mọ̀ pé láti ọdún tí bàálù ti já lu ilé ní Ìjù-Ìṣàgà, tí kò jìnnà sí wa níbí, àyà mi máa ń já tí mo bá gbọ́ ìró bàálù lókè òrùlé. Ṣé òótọ́ ni pé nǹkan yìí ń dáàbò bo awakọ̀? Tí rédíò bá wá kú lókè ńkọ́?

Ìyá Páílọ́ọ̀tì, Abúlé Ẹ̀gbá

ÌDÁHÙN

Màmá, ẹ kú ọjà, ẹ sì kú ìnáwó ọmọ. Ọmọ yín kò parọ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò jẹ̀bi tán. Hẹ́dísẹ́ẹ̀tì tó dáa wúlò fún akẹ́kọ̀ọ́ gan-an, àmọ́ ó níbi tí agbára rẹ̀ mọ. Ẹ jẹ́ ká mọ ibẹ̀ kí ẹ tó tọwọ́ bọ àpò.

Bàálù kékeré tí wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́ kò dà bí èyí tí ẹ ń wọ̀ lọ sí Àbújá. Iwájú ẹsẹ̀ awakọ̀ gan-an ni ẹ́ńjìnnì wà, abẹ̀bẹ̀ tó ń fà á lọ ń yí níwájú gíláàsì, ara rẹ̀ sì fẹ́lẹ́. Ariwo inú rẹ̀ sábà máa ń kọjá 90 lórí òṣùwọ̀n ariwo tí wọ́n ń pè ní désíbẹ́ẹ̀lì. Àwọn tó ń rí sí ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ní kí ariwo má ju 85 lọ fún ẹni tó máa wà nínú rẹ̀ fún wákàtí 8 lóòjọ́. Tó bá fi 3 lé, kí wọ́n gé àkókò náà sí méjì: 88, wákàtí 4; 91, wákàtí 2; 94, wákàtí kan péré. Etí tí ariwo bá ti bà jẹ́ kì í padà bọ̀ sípò. Bẹ́ẹ̀, dókítà gbọ́dọ̀ máa yẹ etí awakọ̀ wò kí wọ́n tó jẹ́ kó máa fò lọ.

Yàtọ̀ sí etí, ariwo ń jẹ èèyàn lágbára láìfura. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí tí wọ́n bá mú iná dé, tí gbogbo àdúgbò pa jẹnẹrétọ̀: ìgbà yẹn lẹ tó ń mọ̀ pé orí ti ń fọ́ yín látàárọ̀. Ọpọlọ tó ti rẹ̀ báyẹn ni akẹ́kọ̀ọ́ máa fi balẹ̀ ní ìparí ìdánrawò rẹ̀, ìbalẹ̀ sì ni kì í gba àṣìṣe.

Hẹ́dísẹ́ẹ̀tì lásán ń fi tìmùtìmù dí etí ni. Èyí tó ń pa ariwo ní gbohùngbohùn kékeré nínú ife etí rẹ̀. Ó ń gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì tó ń wọlé, ó sì ń dá irú ìró kan náà padà ní ìdàkejì, kí méjèèjì lè pa ara wọn. Amar Bose, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Amẹ́ríkà, ló ro ọ̀rọ̀ yìí nínú bàálù ní 1978 bó ṣe ń ti Zurich bọ̀. Ní 1986, àwọn méjì tó fi bàálù Voyager yí ayé po fún ọjọ́ 9 láìbalẹ̀ lo èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dán wò. Ní 1989 ló dé ọjà fún àwọn awakọ̀. Ìró tó wúwo, tó sì ń lọ bákan náà, bíi ti ẹ́ńjìnnì àti abẹ̀bẹ̀, ló ń pa dáadáa. Ohùn èèyàn kì í sábà sọnù sínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ rédíò fi ń mọ́ létí.

Àmọ́ ohun tó ń pa ariwo lè fi ohun tó yẹ kéèyàn gbọ́ pa mọ́. Ní 2007, FAA, àjọ tó ń bójú tó ìrìnnà òfurufú ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ pé irú hẹ́dísẹ́ẹ̀tì yìí lè má jẹ́ kí awakọ̀ gbọ́ agogo ìkìlọ̀ kan tàbí ìyípadà nínú ìró ẹ́ńjìnnì. Nítorí náà, kí ọmọ yín gbé e sétí nílẹ̀, kó tàn án, kó ní kí olùkọ́ rẹ̀ mú kí gbogbo agogo inú bàálù náà dún níkọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò bá gbọ́, kó mọ iná tàbí abẹ́rẹ́ tí yóò máa wò dípò rẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká dé orí rédíò. Lọ́jọ́ 27 oṣù Kẹta 1977, ní erékùṣù Tenerife, bàálù ńlá méjì, ti ilé-iṣẹ́ KLM àti ti Pan Am, kọlu ara wọn lórí ilẹ̀ nínú kùrukùru. Èèyàn 583 ló kú. Awakọ̀ KLM ti ń sáré àtigbéra láìtíì gba àṣẹ. Ilé-ìṣọ́ tó ń darí àwọn bàálù ń sọ pé kó dúró ná, lẹ́ẹ̀kan náà ni Pan Am ń sọ pé àwọn ṣì wà lójú ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ méjèèjì pàdé lórí rédíò, ìró kan tó ń han gooro ni awakọ̀ KLM gbọ́. Hẹ́dísẹ́ẹ̀tì kankan kò lè tún ìyẹn ṣe, torí pé inú rédíò gan-an ni ariwo náà wà.

Ti Ìjù-Ìṣàgà tún yàtọ̀. Lọ́jọ́ Àìkú 3 oṣù Kẹfà 2012, bàálù ilé-iṣẹ́ Dana ń bọ̀ láti Àbújá. Ìwádìí ìjọba fi hàn pé ẹ́ńjìnnì kan ti ń ṣe ségesège ní ìṣẹ́jú 17 lẹ́yìn tó gbéra, síbẹ̀ àwọn awakọ̀ kò ké gbàjarè títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Èkó, tí èkejì náà sì kọ̀. Èèyàn 153 tó wà nínú rẹ̀ ló bá a lọ, pẹ̀lú àwọn kan tó wà nílẹ̀. Rédíò wọn ń ṣiṣẹ́. Wọn kò tètè lò ó ni.

Ẹ rí i pé bí etí ṣe ń gbọ́ kedere tó, ẹnu ló kù. Òfin ni pé kí awakọ̀ tún àṣẹ tí wọ́n bá fún un sọ padà. Ká ní ilé-ìṣọ́ ní kí ọmọ yín sọ̀kalẹ̀ sí 2,500 ẹsẹ̀ bàtà, tó sì gbọ́ 3,500. Tó bá tún 3,500 sọ, wọ́n á tún un ṣe fún un lójú ẹsẹ̀. Tó bá kàn dáhùn pé "Roger", ìyẹn "mo ti gbọ́", kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Tí kò bá gbọ́ rárá, "Say again", ìyẹn "ẹ tún un sọ", ló yẹ kó sọ.

Ibí ni ẹ̀kọ́ ilé wa ti lè ṣàkóbá. A kì í fẹ́ kí ọmọdé mú àgbà sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. "Ṣé etí ẹ di ni?" la máa ń sọ. Ọmọ tí wọ́n bá ti fi ìyẹn dójú tì rí, "mo ti gbọ́, sà" ló máa ń dáhùn nígbà tí kò gbọ́ nǹkan kan. Ìtẹríba yẹn dára nílé. Lójú òfurufú, ó lè pààyàn. Abéèrè kì í ṣìnà.

Tí rédíò bá wá kú, ọ̀nà wà. Awakọ̀ á tẹ 7600 sórí ẹ̀rọ tó ń bá rédà sọ̀rọ̀, àwọn tó wà nílẹ̀ á sì mọ̀ pé kò lè fọhùn mọ́. Ilé-ìṣọ́ á tan iná sí i: iná aláwọ̀ ewé tí kò ṣẹ́jú, kó balẹ̀, iná pupa tí kò ṣẹ́jú, kó yàgò fún ẹlòmíì, kó sì máa yí po. Wọ́n ń kọ́ wọn ní gbogbo èyí.

Ní ti owó, iye èyí tó ń pa ariwo lè ra méjì tàbí mẹ́ta nínú èyí lásán. Tí ọwọ́ bá há, ẹ ra èyí lásán tó jẹ́ ojúlówó fún un báyìí, kí etí rẹ̀ lè bọ́. Èkejì lè dúró di ìgbà tó bá gba ìwé àṣẹ. Kò gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n fi ń gbọ́ orin, irú èyí tó kún ọjà Computer Village. Kó ní gbohùngbohùn níwájú ẹnu, kó sì ní orí wáyà méjì tó bá bàálù mu. Ti hẹlikọ́pítà, ọ̀kan ni. Kí ọmọ yín dán an wò pẹ̀lú gíláàsì ojú rẹ̀ tó bá ń lò ó, torí apá gíláàsì lè ṣí àyè fún ariwo. Tó bá jẹ́ oníbátìrì, kí bátìrì mìíràn máa wà nínú báàgì rẹ̀.

Èyí tó kù kò ná yín ní kọ́bọ̀. Tó bá tún pè yín, ẹ fẹnu ara yín sọ fún un pé ẹ yọ̀ǹda fún un láti bi àgbà léèrè lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, títí ọ̀rọ̀ á fi yé e. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ jèrè rẹ̀.