Ẹ̀kọ́ Kẹjọ: Ààlà Láàárín Kóònù àti Họ́ọ̀nù

Ojú ìyá ìlù fẹ̀, ohùn rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀. Ojú omele kéré, ohùn rẹ̀ sì ròkè. Bẹ́ẹ̀ náà ni sípíkà rí. Kóònù ńlá ló ń gbé ohùn ìsàlẹ̀ jáde, ohun kékeré tó fúyẹ́ ló sì yẹ ohùn òkè.

Láyé àtijọ́, àwọn ilé-iṣẹ́ kan kó méjèèjì sójú kan. Wọ́n ti họ́ọ̀nù, ìyẹn èyí tó ń gbé ohùn òkè jáde, bọ àárín gbùngbùn kóònù, kí gbogbo ohùn lè máa ti ibì kan náà wá. Méjì tó lókìkí nínú wọn ni Altec Lansing 604 ti Amẹ́ríkà àti Tannoy Dual Concentric ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tó jáde ní 1947. Àwọn sítúdíò tí wọ́n ti ń gba orin sílẹ̀ lò wọ́n gan-an. Ẹni tó bá fẹ́ tún irú rẹ̀ ṣe lónìí ní ìbéèrè kan láti dáhùn: níbo ni kóònù yóò ti dákẹ́, tí họ́ọ̀nù yóò sì gbà á?

Kírọ́sófà

Ohun tó ń pín iṣẹ́ yìí là ń pè ní kírọ́sófà. Kọ́ìlì inú rẹ̀ ń dí ohùn òkè lọ́nà kó má dé ọ̀dọ̀ kóònù. Kàpásítọ̀ ń dí ohùn ìsàlẹ̀ kó má dé ọ̀dọ̀ họ́ọ̀nù. Hertz la fi ń wọn ààlà wọn, ìyẹn iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ààlà Altec 604-8G wà ní 1500 Hz. Ti Tannoy Monitor Gold wà ní 1000 Hz. Kí ló dé tí wọn kò dọ́gba?

Ohun tó ń ti ààlà sókè

Họ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ nísàlẹ̀. Lókè ibẹ̀, afẹ́fẹ́ inú họ́ọ̀nù ń di awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà nídìí rẹ̀ mú, awọ náà kò sì ní láti mì púpọ̀. Nísàlẹ̀ ibẹ̀, kò sí ohun tó dì í mú mọ́. Á máa mì kọjá agbára rẹ̀, ohùn á dàrú, awọ náà sì lè ya. Nítorí náà, a máa ń fi àyè sílẹ̀ lókè ibi tí agbára họ́ọ̀nù pin sí.

Họ́ọ̀nù Altec kéré. Ojú ihò mẹ́fà ló ní, àárín kóònù ló sì parí sí. Tannoy gba ọ̀nà mìíràn: wọ́n fi ojú kóònù ńlá náà ṣe ìyókù họ́ọ̀nù. Ẹnu rẹ̀ wá fẹ̀, ó sì lè sọ̀ kalẹ̀ dé 1000 Hz.

Ohun tó ń fà á wálẹ̀

Ohùn ń rin nǹkan bí mítà 343 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ fi 1500 pín 343: ìgbì ohùn kan gùn tó sẹ̀ǹtímítà 23. Kóònù íǹṣì 15 sì fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 38. Bí ìgbì bá ti kúrú ju kóònù lọ, ohùn kì í tàn káàkiri mọ́, iwájú gbọnran ló ń lọ. Ẹni tó jókòó sí àárín á gbọ́ ọ kedere. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò ní gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Bí a bá gbé ààlà lọ sí 3000 Hz, ìgbì á ku sẹ̀ǹtímítà 11, ọ̀ràn á sì burú sí i.

Họ́ọ̀nù ń tì í sókè, kóònù ń fà á wálẹ̀. Àyè tó kù láàárín kò pọ̀. Ìdí nìyí tó fi yẹ ká bẹ̀rẹ̀ láti iye tí ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ yàn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò

Ẹ jẹ́ ká mú kírọ́sófà tó rọrùn jù, tó ní kàpásítọ̀ kan ṣoṣo fún họ́ọ̀nù àti kọ́ìlì kan ṣoṣo fún kóònù. Họ́ọ̀nù jẹ́ óòmù 8 (óòmù la fi ń wọn bó ṣe ń dí iná lọ́nà tó), ààlà jẹ́ 1500 Hz.

1. 6.28 × 1500 × 8 = 75,360
2. 1,000,000 ÷ 75,360 = 13.3

Kàpásítọ̀ máíkírófárádì 13.3 la nílò. Bí họ́ọ̀nù bá jẹ́ óòmù 16, ìdajì rẹ̀ ló tó, nǹkan bí 6.6. Ẹni tó bá wá fi 6.6 yìí sára họ́ọ̀nù óòmù 8 ti gbé ààlà họ́ọ̀nù lọ sí 3000 Hz láìmọ̀. Kóònù á ti máa dákẹ́ láti 1500, nígbà tí họ́ọ̀nù kò tíì gbà á dáadáa. Àárín á ṣófo, ọ̀rọ̀ ẹnu olórin kò sì ní yéni.

Kàpásítọ̀ tó ti gbó kì í sábà dúró sí iye tí wọ́n kọ sí i lára. Ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó lò ó.

Ẹ fi etí yín wò ó

Awọ họ́ọ̀nù wà lẹ́yìn kóònù, nítorí náà ohùn rẹ̀ ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dé. Níbi ààlà, ohùn méjèèjì lè máa pa ara wọn.

1. Ẹ jẹ́ kí ohùn kan ṣoṣo, tó wà ní ibi ààlà gan-an, máa dún jẹ́jẹ́.
2. Ẹ pa ẹ̀rọ, kí ẹ gbé wáyà méjèèjì tó lọ sí họ́ọ̀nù sípò ara wọn.
3. Ẹ tún tàn án, kí ẹ gbọ́. Ọ̀nà tó bá dún sókè jù ni kí ẹ fi sílẹ̀.

Ìbéèrè

1. Kí ni kàpásítọ̀ ń ṣe fún họ́ọ̀nù?
2. Kí ló mú kí ààlà Tannoy lè wà nísàlẹ̀ ju ti Altec lọ?
3. Ìgbì ohùn 1000 Hz gùn tó sẹ̀ǹtímítà mélòó?
4. Ẹ ṣírò kàpásítọ̀ tó yẹ họ́ọ̀nù óòmù 8 bí ààlà bá jẹ́ 1000 Hz.