Odi Amina ní Zaria: Ohun Tí Àlejò Lè Wò, àti Bí Yóò Ṣe Wò Ó

Odi amọ̀ tó yí ìlú àtijọ́ Zaria ká ti wó púpọ̀. Níbì kan, òkìtì tí koríko hù lé lórí ló ṣẹ́ kù. Níbòmíràn, ilé ti gba ojú rẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó bá rìn láti ẹnubodè dé ààfin, kó tó gun àpáta Kufena, yóò mọ bí wọ́n ṣe ń dáàbò bo ìlú nígbà tí ogun wà lóde.

Gẹ́gẹ́ bí àwọn Hausa ṣe ń sọ ọ́, láàárín ọdún 1500 sí 1600 ni Bakwa Turunku kó ìjọba Zazzau kúrò ní Turunku wá síbí. Ọmọbìnrin méjì ló bí. Zaria, èyí àbúrò, ni ìlú ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Amina, ẹ̀gbọ́n tó jẹ́ jagunjagun, ni wọ́n fi pe odi náà ní Ganuwar Amina. Àwọn tó jọba lẹ́yìn wọn náà tún un mọ. Nígbà tí jíhàdì Usman dan Fodio dé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1800, ọba Hausa tó wà lórí ìtẹ́, Makau, sá kúrò. Àwọn ènìyàn rẹ̀ ló wá tẹ Abuja dó, ìlú tó ń jẹ́ Suleja lónìí.

Láti Kaduna sí Zaria tó nǹkan bí 80 kìlómítà. Kí àlejò kọ́kọ́ béèrè bí ọ̀nà ṣe rí, kó sì rìn lójú ọ̀sán. Àdúgbò Sabon Gari ló dára láti wọ̀ sí: àwọn Yorùbá ti ń gbé ibẹ̀ tipẹ́.

Oṣù kọkànlá sí oṣù kejì ni ìgbà tó dára jù. Ọyẹ́ máa ń mú, ṣùgbọ́n ilẹ̀ gbẹ. Òjò ni ọ̀tá odi amọ̀, ó sì ń sọ ẹsẹ̀ rẹ̀ di ẹrẹ̀.

Ẹni tó bá gba àdúgbò Tudun Wada wọ ìlú àtijọ́ yóò bá ẹnubodè Kofar Doka pàdé. Kọjá ibẹ̀ ni ààfin Emir, tí wọ́n ṣe ọnà aláràbarà sí iwájú rẹ̀. Kí àlejò tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ kó tó wọlé tàbí ya fọ́tò. Obìnrin a máa borí. Ọkùnrin kì í na ọwọ́ sí obìnrin láti bọ̀ ọ́. Ọ̀sán Jímọ̀ kì í ṣe àkókò ìrìn àfẹ́, èrò ìrun ló ń kún ibẹ̀.

Nítòsí ààfin ni Mọ́ṣáláṣí Àgbà wà. Babban Gwani Mikaila, ọ̀gá nínú àwọn mọlémọlé Hausa, ló kọ́ ọ fún Emir Abdulkarim ní àwọn ọdún 1830. Tubali, ìyẹn ìṣù amọ̀ tí wọ́n sá gbẹ, ni wọ́n fi mọ ògiri rẹ̀. Azara, igi àgbọn-olídù tí ikán kì í tètè jẹ, ló gbé òrùlé rẹ̀ dúró. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ ọdún 2023, apá kan rẹ̀ wó lé àwọn tó ń kírun Asr lórí, ẹ̀mí sì bọ́. Ibi ọ̀fọ̀ ni. Kí àlejò máa rántí bẹ́ẹ̀, kó má ṣe wọ ibi tí wọ́n bá dí.

Ìwọ̀ oòrùn ìlú ni àpáta Kufena wà, níbi tí àwọn èèyàn ti tẹ̀dó láyé àtijọ́, tí àwókù odi sì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Òwúrọ̀ ni kí wọ́n gùn ún, pẹ̀lú omi àti ọmọ àdúgbò tó mọ ọ̀nà. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gun orí odi, tàbí kó bu amọ̀ rẹ̀: ìwọ̀nba tó kù ni.

Ẹni tó bá ń lọ sí Jos lẹ́yìn náà lè yà sí mùsíọ́ọ̀mù iṣẹ́ ìkọ́lé ìbílẹ̀ tó wà níbẹ̀. Wọ́n ti kọ́ àwòkọ mọ́ṣáláṣí Mikaila síbẹ̀, ó sì fi bí mọ́ṣáláṣí náà ṣe rí látilẹ̀ hàn.